Ìdánwò Tó Ń Kí Òkukù Láràárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó tutù lẹ́nu mi. Ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀tá ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ẹ̀kọ́ ilé obìnrin kan báyìí ní Òkukù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní Ìkìrun, mi ò sá lọ síbì kankan.

Lọ́dún 1997 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìrètí Àgbẹ̀ lorúkọ ilé-iṣẹ́ wa, ajílẹ̀ àti irúgbìn là ń tà fáwọn àgbẹ̀. Ọ́fíìsì mẹ́ta la ní: olú wà ní Ìkìrun, ọ̀kan wà ní Inísà, ọ̀kan wà ní Òkukù. Alága wa tó ń gbé Ìbàdàn ló ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ó sì ra módẹ́ẹ̀mù mọ́ ọn. Módẹ́ẹ̀mù yìí, àpótí pẹlẹbẹ kan ni, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Tó bá ti ń sọ ọ́, á máa han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Èmi Keziah ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú gbogbo rẹ̀, torí mo ka ìwé kọ̀ǹpútà jáde ní Pólì. Bàbá mi ní Eko Ende ti sọ fún gbogbo ìjọ Áńgílíkà pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ẹ̀rọ. Mi ò bá wọn jiyàn.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ìtajà, kọ̀ǹpútà Ìkìrun gbọ́dọ̀ pe Inísà, kó pe Òkukù, kó wò ó bóyá ọ̀nà là láàárín wa. Èmi ni mo kọ ètò tó ń ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí, torí ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́, ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni wọ́n máa ń fi dán ọ̀nà wò, ìyẹn àádọ́ta lẹ́tà A tó tẹ̀ léra bí ẹni tó ń ké. Mo ní tèmi ò ní jẹ́ ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Tètò mi bá ti pe Òkukù, á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà ọ̀hún pé: Ẹ KÁÀÁRỌ̀, ÒKUKÙ. Ètò kejì wà lọ́hùn-ún tí mo pè ní Adáhùn. Adáhùn á dá a padà pé: Ẹ KÁÀÁRỌ̀, ÌKÌRUN. Tètò mi bá ti rí “ẹ káàárọ̀” nínú èsì, á kọ DÁADÁA NI sójú tèmi, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, Adáhùn kan náà á wá kó gbogbo ohun táwọn àgbẹ̀ ní ká bá àwọn gbé wá, á fi ránṣẹ́ sí wa. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ò mọ àmì ohùn o, èmi ni mò ń fi í sí i fún yín.

Odindi oṣù kan àtààbọ̀, DÁADÁA NI, DÁADÁA NI, bí ẹni ń ka sáàmù. Inú mi ń dùn. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣàjèjì: Inísà ń ní ká gbé ajílẹ̀ wá, Òkukù ò bèèrè ohunkóhun. Díákónì Mákánjúọlá, ọ̀gá wa ní Ìkìrun, ní bóyá àwọn ará Òkukù ti fi oko sílẹ̀ lọ ń ṣòwò. Èmi náà ní bóyá. Àbí kí ni kí n sọ? Ìdánwò mi sáà ní dáadáa ni.

Òjò wá rọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bọ́ọ̀sì kan ya wọ iwájú ọ́fíìsì wa ní Ìkìrun, àwọn àgbẹ̀ Òkukù sì ń tú jáde nínú ẹ̀. Ojú wọn le koko. Bàbá kan tó ṣíwájú wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí Díákónì kí òun tán.

“Ajílẹ̀ wa dà? Àgbàdo ti yọ orí! A ti sọ ohun tá a fẹ́ látìgbà tílẹ̀ ṣì gbẹ! Ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa wá kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé a wà láyé ni?”

Díákónì Mákánjúọlá, èèyàn tó lè fi wákàtí kan gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ wọn, ìka ló nà sí mi.

“Ẹ bi í. Òun ló ni ẹ̀rọ.”

Ha! Ṣé ẹ rí ayé? Ọjọ́ tí Alága ń yìn ín, òun ló ni ẹ̀rọ. Ọjọ́ tó bàjẹ́, èmi ni mo ni ín. A ṣí ilé ìkẹ́rùsí, a kó ohun tó kù níbẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbé e lọ tìbínú tìbínú. Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lọ tí Alága fi pè láti Ìbàdàn, torí ọ̀rọ̀ burúkú kì í wọ bọ́ọ̀sì, ó ń fò ni. Ohùn Alága kì í ròkè. Ìyẹn ló ń bani lẹ́rù.

“Keziah, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀. Màá jókòó, màá fojú ara mi wo ìdánwò yẹn. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa fún wa, a ó kó kọ̀ǹpútà náà nílẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ náà á lọ wá iṣẹ́ míì.”

Ọjọ́ Ajé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó. Mo rí ara mi ní Eko Ende, tí mò ń to ebè lẹ́yìn bàbá mi, tí gbogbo ìjọ ń bi mí pé ọ̀gá ẹ̀rọ, ṣé dáadáa? Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé wáyà ló ń ṣe ségesège. Mo wá ronú pé látìgbà tí mo ti kọ ètò yìí, mi ò tíì fojú ara mi rí odindi èsì tí Òkukù ń fi ránṣẹ́ rí. Ètò mi ló ń wá “ẹ káàárọ̀” nínú ẹ̀, tó bá ti rí i, ó tán. Mo bá tún un ṣe kó máa kọ gbogbo èsì jáde sójú kọ̀ǹpútà, látorí dé ìdí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró tì í. Inísà kọ́kọ́ dáhùn:

Ẹ KÁÀÁRỌ̀, ÌKÌRUN.

Ó dáa. Òkukù dún díẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́tà wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀:

Ẹ KÁÀÁRỌ̀ O, ÌKÌRUN. ṢÉ ÀLÀÁFÍÀ LẸ JÍ? KEZIAH ŃKỌ́? ÌGBÀ WO LA MÁA WÁ JẸ ÌRẸSÌ Ẹ?

Lábẹ́ ẹ̀, ètò mi kọ ọ́ gàdàgbà: DÁADÁA NI.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bi yín. Mo ti rí ẹ̀rọ tó gbóná, mo ti rí èyí tó ń kọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Èwo ni ẹ̀rọ tó ń bi mí ìgbà tí mo máa lọ́kọ? Orí mi gbóná. Mo fa báàgì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì Òkukù.

Ìyá Tímótì ló wà ní ọ́fíìsì Òkukù. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, Alága sì gbà wọ́n torí wọ́n mọ ìwé títẹ̀. Mo já wọlé bí ìjì.

“Mà, ta ló ń dá ẹ̀rọ lóhùn láràárọ̀?”

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ń wò mí ṣáá. Mo wá rántí pé mi ò tíì kí wọn. Mo sáré kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má bínú, Mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo dé? Bàbá ẹ ńkọ́? Dìde, jókòó. Ṣé o ti fi nǹkan sẹ́nu?”

“Mi ò wá jẹun, Mà. Ta ló ń dá ẹ̀rọ lóhùn?”

“Èmi ni o. Àbí ta ni o rò pé ó jẹ́?” Wọ́n jókòó dáadáa. “Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí iná tó lọ, òun fúnra ẹ̀ ló dáhùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni iná kì í lọ lóru? Tí iná bá ti lọ, tó tún dé, ẹ̀rọ á kàn máa wò suu. Tiyín á kí i láti Ìkìrun pé ẹ káàárọ̀. Tèmi á dijú mọ́rí. Ojú ń tì mí! Mo ní wọ́n á máa sọ ní Ìkìrun pé àwa ará Òkukù ò lẹ́kọ̀ọ́. Ni mo bá ń bá a dáhùn.”

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé yìí, ó yé mi kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Tí iná bá lọ, Adáhùn á kú. Tí iná bá dé, kọ̀ǹpútà á tàn, módẹ́ẹ̀mù á tàn, á gbé ìpè wa, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sì lè tẹ èsì padà, ṣùgbọ́n Adáhùn ò ní jí àfi tẹ́nì kan bá jí i. Torí pé kò jí, kò sẹ́ni tó máa kó ohun táwọn àgbẹ̀ fẹ́ ránṣẹ́ sí Ìkìrun. Gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà Òkukù níbẹ̀, ó ń sùn. Ìdánwò mi ò sì mọ̀, torí pé ẹ káàárọ̀ ń bọ̀ lójoojúmọ́, èyí tó gbámúṣé jù lọ.

“Mà, ẹ̀rọ ló ń kí ẹ̀rọ! Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń kí!”

“Ta ló kọ́ ẹ̀rọ tiyín kó máa kí wa?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ṣé o ti wá rí i? Ìwọ lo kí mi. Kí n wá panu mọ́, kí n máa wò ẹ́ níran?”

Mo wá sọ fún wọn pé nítorí ẹ káàárọ̀ yẹn, ajílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ò dé. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

“Yéè! Àwọn èèyàn mi! Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kó o wá ni. Mo ti bú Ìkìrun ní gbogbo ìpàdé.”

Ó dùn wọ́n gan-an, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú wọn. Mo tún sọ ti ọjọ́ Ẹtì fún wọn, pé bí ìdánwò yìí bá tún parọ́ lójú Alága, a jẹ́ pé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Mo jí Adáhùn, gbogbo ohun tó ti ń sùn níbẹ̀ bá tọ wáyà lọ sí Ìkìrun. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun yòówù kó hàn lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò gbọdọ̀ dá a lóhùn.

“Mo gbọ́,” ni Ìyá Tímótì wí. “Mi ò ní dáhùn.”

Iná tún lọ lóru ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ètò mi kí Òkukù. Ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Inú mi dùn, mo ní ó yá, sọ òtítọ́, sọ pé kò dára kí n gbọ́. Lẹ́tà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde:

MI Ò DÁHÙN O. KEZIAH NÍ KÍ N MÁ DÁHÙN. Ẹ KÁÀÁRỌ̀ ṢÁ.

DÁADÁA NI.

Mo pariwo débi pé Díákónì Mákánjúọlá sáré wọlé pẹ̀lú páànù ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó bi mí pé ta ló kú.

Mo jókòó, mo yọ ẹ káàárọ̀ kúrò nínú ètò náà pátápátá. Ó dùn mí, torí pé òun ni mo fi ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́. Mo ní kó máa fi nọ́ńbà gbọọrọ kan ránṣẹ́, èyí tó máa ṣà fúnra ẹ̀, tí tòní ò ní jọ tàná. Adáhùn ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá nọ́ńbà padà látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò lò ó. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ dé padà bó ṣe lọ, kí ojú tó ṣẹ́. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó kọ KÒ DÁRA. Mo tún ní bí ibì kan ò bá dára, kó sinmi díẹ̀, kó tún un pè. Mo tẹ bọ́tìnì. Inísà: DÁADÁA NI, kíákíá bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Òkukù: mo dúró, mo dúró.

KÒ DÁRA.

Mo fò sókè, mo ń jó. Díákónì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Keziah, ṣé orí ẹ pé? O ń jó torí kò dára?”

“Ó ti sọ òtítọ́, sà! Ó ti sọ òtítọ́!”

“Òtítọ́ wo? Alága ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì! Ìdánwò tó ń sọ dáadáa la ní, tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ẹ̀, o lọ gbé èyí tó ń fi wá sùn wá. Jọ̀ọ́, dá ti tẹ́lẹ̀ padà.”

Mo ní mi ò dá a padà. Ó ní èmi ni ọ̀gá tàbí òun? Mo ní òun ni, sà, ṣùgbọ́n mi ò dá a padà. Ẹ ẹ̀ rí i, ẹnu mi yìí, ìyá mi ti ń bẹ̀rù ẹ̀ látìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Ohun tó wá kù ni kí Adáhùn Òkukù máa jí fúnra ẹ̀. Mo bi ara mi pé ṣé iná kì í lọ ní Inísà ni? Ó ń lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Inísà ń dáhùn láìkùnà? Nígbà tí mò ń lọ sí Òkukù ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Inísà. Mo bá ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì ní títì. Bọ́lájí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò tíì dé, oòrùn sì ti gun òkè. Ó ń bọ̀ nígbà tó yá, ó ń yán, ó ń nu ojú.

“Antí Keziah, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí?”

Mo bi í bí Adáhùn tiẹ̀ ṣe ń jí. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní òun ò lè máa jí láàárọ̀ kùtùkùtù torí àtijí ẹ̀rọ, nítorí náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé lòun ti kọ àṣẹ kan sínú ẹ̀, pé tó bá ti ń tàn báyìí, kó jí Adáhùn kó tó ṣe ohunkóhun. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí tàbí kí n gbá a mọ́ra. Ọmọ Yunifásítì tó ń sùn títí oòrùn fi ń gòkè ni iṣẹ́ tiẹ̀ ń lọ déédéé, ìyá tó ń jí kí àkùkọ tó kọ ni tiẹ̀ bàjẹ́! Mo ní kó fi àṣẹ ọ̀hún hàn mí, mo dà á kọ, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù.

Lọ́tẹ̀ yìí mo kí Ìyá Tímótì kí n tó wọ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ojú wọn ò dùn.

“Ẹ̀rọ yín ò kí èèyàn mọ́, Keziah.”

“Mà?”

“Láàárọ̀ yìí, mo kàn rí nọ́ńbà. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Kí ni mo ṣe fún yín?”

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń dùn wọ́n. Mo kọ àṣẹ Bọ́lájí sínú kọ̀ǹpútà wọn. Mo pa á, mo tàn án, Adáhùn jí fúnra ẹ̀. Mo tún pa á, ó tún jí. Mo dìde, mo sọ fún Ìyá Tímótì pé lọ́la, Alága á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà rárá.

“Mi ò ní fọwọ́ kàn án,” ni wọ́n wí. “Mo búra fún ẹ.”

Ọjọ́ Ẹtì pé. Alága dé pẹ̀lú fìlà àti awò ojú, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó jókòó nílé ẹjọ́. Díákónì Mákánjúọlá ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo tẹ bọ́tìnì. Módẹ́ẹ̀mù pe Inísà, ó han, ó dákẹ́. INÍSÀ: DÁADÁA NI. Alága mi orí. Módẹ́ẹ̀mù pe Òkukù. A gbọ́ bó ṣe ń dún lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan péré. Ohùn kan sì jáde nínú àpótí pẹlẹbẹ yẹn, ó mọ́ gaara, gbogbo wa gbọ́ ọ:

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìkìrun! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé Alága ti dé?”

Orí mi fò lọ. Wọ́n ti gbé fóònù kí módẹ́ẹ̀mù tiwọn tó gbé e! Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ta ló rántí fóònù? Módẹ́ẹ̀mù tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í han mọ́ wọn létí, hìììn, gaaaa.

“Ah! Kí lèyí? Mo ní ẹ káàárọ̀!” ni ohùn náà wí. “Ta ló ń pariwo mọ́ àgbàlagbà báyìí? Ṣé inú ń run yín ni?”

Fóònù já. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: ÒKUKÙ: KÒ DÁRA.

Alága yọ awò ojú, ó ń fi etí agbádá nù ún. Díákónì bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Tẹ dáadáa sí i. Jọ̀ọ́, kí wọ́n tó nu awò ojú wọn tán. Tẹ̀ ẹ́!” Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì lóòótọ́. Mo ro Eko Ende, mo ro bàbá mi. Inú wá bí mi, inú bí mi sí Díákónì, ó bí mi sí Òkukù, ó bí mi sí ara mi. Ni mo bá yíjú sí Alága.

“Ẹ má bínú, sà. Òkukù ò dára láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èèyàn ló gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí ò lè sọ fún yín pé ó dára nígbà tí kò dára. Ti tẹ́lẹ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ti tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ wá ẹlòmíì.”

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Díákónì di ògiri mú. Alága nu awò ojú rẹ̀ tán, kò kánjú rárá.

“Lóṣù kan àtààbọ̀,” ó ní, “ẹ̀rọ yìí ń sọ dáadáa, ebi sì ń bọ̀ lórí àwọn èèyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òní lọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ yìí gbọ́. Ẹ̀rọ tó bá lè sọ pé kò dára níṣojú mi, tó bá ní ó dára lọ́la, màá sùn. Keziah, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.”

Kí n tó dúpẹ́ ni fóònù dún. Alága ló súnmọ́ ọn jù, ó gbé e.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ó ní. Ó tẹ́tí. “A dúpẹ́. Àlàáfíà ni. Ilé wà, ọmọ wà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àgbàdo ńkọ́? ... Ajílẹ̀ ti dé? Ẹ ṣeun. ... Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló pariwo mọ́ yín, ẹ má bínú, kò gbọ́n ni.” Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lọ nìyẹn, wọ́n kí gbogbo ẹbí tán, wọ́n kí òjò. Lẹ́yìn náà ló na fóònù sí mi.

“Keziah,” ni Ìyá Tímótì wí, “ta ni bàbá tó mọ èèyàn kí tó bẹ́ẹ̀?”

“Alága ni, Mà.”

Ohùn Ìyá Tímótì bá rẹlẹ̀ pátápátá.

“Ọmọ mi, ṣé mi ò ti ba iṣẹ́ ẹ jẹ́ báyìí? Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ o. Mo kàn ní kí n bá ẹ kí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ gidi ni ẹ́.”

Gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ náà ti múra sílẹ̀ lẹ́nu mi, mo wá a tì. Ẹkún ló ń bọ̀.

“Rárá o, Mà. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.”

Ìyá Tímótì figbe bọnu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà: iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi, màá gbé ipò bàbá mi ga, ọwọ́ ayé ò ní tó mi. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mò ń nu ojú, mò ń ṣe àmín, àmín, títí Alága fi fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n jọ̀ọ́, kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí ìdánwò lè rí ọ̀nà kọjá.